Ẹ̀rọ rack àtijọ́ wo ni kí n kọ́kọ́ rà fún gìtá mi?

Adùngìtá, Akúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onígìtá àti ẹ̀yin tí ẹ ń tún ẹ̀rọ ohùn ṣe. Mo ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Alágbàká, mo sì máa ń bá ẹgbẹ́ jùjú kan ṣeré lóde ìnáwó bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé. Pẹ́dàlì, ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà, ni mo ti ń lò láti ìgbà yìí wá, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1980, àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, tí a ń dè mọ́ inú rack (àpótí tí a ń to ẹ̀rọ sí) oníǹṣì 19, nítorí pé ohùn wọn ní ìjìnlẹ̀ kan tí n kò rí nínú pẹ́dàlì tí mo ní.

Mẹ́ta ni mo ti rí tí owó mi lè ká ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀kan jẹ́ Yamaha SPX90 tòkúnbọ̀ tó wà ní ọjà Alàba ní Èkó. Èkejì jẹ́ Roland SDE-1000 tí ẹnì kan fẹ́ fi ránṣẹ́ láti Japan. Ẹ̀kẹta, tó wọ́n jù, jẹ́ Lexicon PCM 70 láti Amẹ́ríkà. Èwo ni ẹ rò pé ó yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná pẹ̀lú.

Oníṣẹ́ Ìró, Oǹdó:
Àbúrò mi, inú mi dùn sí ìbéèrè rẹ. Ọ̀rọ̀ iná tí o fi sí ìparí gan-an ni ó yẹ kó ṣáájú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ ti ń jóná kí ẹni tó rà á tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Fóòtì 100 ni wọ́n ń lò ní Japan, 120 ni ti Amẹ́ríkà, tiwa sì jẹ́ 230. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ Hz 60 (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tiwa jẹ́ Hz 50, ṣùgbọ́n Japan ń lo méjèèjì, 50 ní apá ìlà-oòrùn àti 60 ní apá ìwọ̀-oòrùn, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọjà ilẹ̀ wọn fi máa ń gba méjèèjì láìsí wàhálà. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá kọ Hz 60 nìkan sí lẹ́yìn, bí a bá fi iná tiwa sí i, tíránsífọ́mà inú rẹ̀ á máa gbóná ju bó ti yẹ lọ, kódà bí a bá ti sọ fóòtì rẹ̀ kalẹ̀.

Nítorí náà, yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ síwájú, kí o sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wáyà iná ti wọlé. Bí SPX90 tó wà ní Alàba bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù, á gba iná wa tààrà, òun ni mo sì máa mú bí mo bá wà ní ipò rẹ. Bí o bá yan SDE-1000, wá tíránsífọ́mà tí ó ń sọ 230 di 100 gan-an. Èyí tí wọ́n ń tà káàkiri, tí ó ń sọ ọ́ di 110, kò dára tó fún un, nítorí pé fóòtì tó lé yẹn, ooru ni ó ń yí padà sí nínú ẹ̀rọ, ooru yìí ni ó sì ń gbẹ omi inú àwọn kàpásítọ̀ (ẹ̀yà tó ń gba iná pa mọ́) tó ti dàgbà tẹ́lẹ̀. Fi sitẹbiláísà sáàárín pẹ̀lú, pàápàá lóde ìnáwó, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń sọ iná sókè sódò bí wọ́n bá pa ohun tó ń jẹ iná púpọ̀ lójijì. Bí inverter bá ni ẹ ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí lára. Irú kejì, tó rọjú, máa ń mú kí tíránsífọ́mà àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kùn, ìkùn náà á sì bá gìtá rẹ jáde.

Ní ti PCM 70, reverb rẹ̀ (ìró bí ẹni pé a wà nínú gbọ̀ngàn ńlá) dára dé ibi tí ẹnu kò lè sọ ọ́ tán. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe ní Oǹdó tàbí Akúrẹ́? SPX90 pọ̀ káàkiri ayé láti 1985 tí ó ti jáde, a lè bọ́ èyí tó ti kú fún ẹ̀yà ara rẹ̀, ohun tó sì sábà máa ń ṣe é kò ju bọ́tìnnì tí kò gbọ́ ìtẹ̀ mọ́ tàbí bátìrì pẹlẹbẹ tó ti tán lọ. Bí bátìrì náà bá kú, ètò ohùn 30 tí ilé iṣẹ́ fi sínú rẹ̀ kò ní sọnù. Àyè tìrẹ, láti 31 dé 90, ni kò ní lè pa nǹkan mọ́. Lẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi jó bátìrì yẹn mọ́ bọ́ọ̀dù, oníṣẹ́ rédíò tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ lè pààrọ̀ rẹ̀.

Onítẹ́nọ̀, Akúrẹ́:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n wa ti Oǹdó, ọ̀rọ̀ iná yẹn ò ní àríyànjiyàn. Síbẹ̀, SDE-1000 ni èmi yóò dìbò fún, nítorí pé ẹni tó béèrè sọ pé òun ń ta jùjú. Delay, ìyẹn títún ohùn sọ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ni iṣẹ́ wa, òun sì ni SDE-1000 ń ṣe. Bọ́tìnnì àti kókó ìyípo rẹ̀ wà níwájú gbangba, kò sí pé à ń wá ojú ìwé kiri lójú ẹ̀rọ nínú òkùnkùn nígbà tí àwọn onílù ti gbéra.

Adùngìtá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín, ẹ̀rọ yòówù kí ẹ rà. Nínú jùjú, gìtá kan ń fi àyè sílẹ̀ kí òmíràn lè dáhùn, ẹ̀yin náà ti gbọ́ bí àwọn gìtá ẹgbẹ́ Sunny Adé ṣe máa ń wọnú ara wọn láìkọlu ara wọn. Delay tó gùn máa ń kún àyè yẹn, á sì máa sọ̀rọ̀ lé gángan lórí. Èmi kì í kọjá mìlísẹ́kọ́ǹdì 80 sí 120, àtúnsọ kan péré, kí ohùn kàn nípọn díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó gùn, ẹ ṣe é ní ìṣirò: ẹ fi iye ìlù tó wà nínú ìṣẹ́jú kan pín 60,000. Orin tó jẹ́ 120 á fún yín ní 500 fún ìlù kan, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 250. Bí ẹ bá fi 270 síbẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ á máa rò pé onígìtá ni kò mọ àkókò.

Ohun kan tó tún ń kọ mí lóminú nípa SPX90 ni pé ohùn àtọwọ́dá rẹ̀ kì í kọjá 12 kHz (kHz ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe tín-ín-rín lókè tó).

Oníṣẹ́ Ìró, Oǹdó:
Òótọ́ ni, àmọ́ fún gìtá, kò pa nǹkan lára. Sípíkà oníǹṣì 12 tí a ń lò nínú amplifier gìtá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohùn tó ju 5 tàbí 6 kHz lọ jáde, nítorí náà ohun tí SPX90 gé kúrò, sípíkà ì bá ti gé e tẹ́lẹ̀. Olórin tàbí onípiano ló lè ráhùn. Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí gígùn delay, mo fara mọ́ ọn pátápátá, SPX90 náà sì lè ṣe é.

Adùngìtá, Akúrẹ́:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Bí SPX90 náà bá gba 230, òun ni n ó rà, nítorí mo nílò reverb àti chorus (èyí tó ń mú kí gìtá kan dún bí ọ̀pọ̀) fún ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Oníṣẹ́ Ìró, Oǹdó:
Mú gìtá rẹ dání lọ. Jẹ́ kí ẹ̀rọ náà wà lórí iná fún bíi wákàtí kan, nítorí àìsàn ooru kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì wò bóyá nọ́ńbà pupa iwájú rẹ̀ pé ní gbogbo ìlà. Yí kókó tí a fi ń gba ohùn wọlé láti òpin dé òpin, kí o gbọ́ bóyá ó ń ha; bí ó bá ń ha díẹ̀, eruku ni, oògùn ìfọkókó á tán an. Lẹ́yìn náà, yọ gìtá kúrò, kí o gbọ́ bí ariwo tó kù ṣe pọ̀ tó. Ó ní ibi tí a ti ń yan −20 tàbí +4 dB (ìwọ̀n agbára ohùn): −20 ni kí o lò bí ó bá jẹ́ ẹnu ihò pẹ́dàlì inú amplifier ni o ń fà á sí, +4 bí ó bá jẹ́ mixer ńlá.

Onítẹ́nọ̀, Akúrẹ́:
Ẹ fi mixer kékeré kún un pẹ̀lú, kí ohùn gìtá lè gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, kí SPX90 máa mú ohùn àtọwọ́dá nìkan wá. Bí ẹ bá sì ń to rack náà, ẹ fi irin gbé e lẹ́yìn. Etí méjì tó wà níwájú nìkan kò lè gbé e dé Oǹdó lójú ọ̀nà tí a ní yìí.