Ọ̀rẹ́ mi pe ìwé tí mo yàn ní irọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ọjọ́ Sátidé ni mi ò ti sùn dáadáa. Àwa obìnrin méje la máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti sọ̀rọ̀ lórí ìwé tí a bá jọ kà. Lóṣù yìí, èmi ni mo yan ìwé, ilé mi náà la sì ti ṣe é. Òru ni mo ti bó ẹ̀wà tí mo fi se mọ́ínmọ́ín. Àwọn méjì tí kò rówó ra ìwé, èmi ni mo rà á fún wọn, mi ò sì gba kọ́bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé náà. Mo sunkún níbi tí wọ́n ti já ọmọ yẹn gbà kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ń lọ nírọwọ́rọsẹ̀, kálukú ń sọ ibi tó wọ̀ ọ́ lára. Àfi ọ̀rẹ́ mi yìí, tó pẹ́ kó tó dé, tí kò fọwọ́ kan oúnjẹ mi. Ó pa ìwé dé, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní irọ́ ló kún inú rẹ̀, pé ó dun òun pé èmi ni mo gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá. Lójú gbogbo wọn! Mo ní ṣé ó wá mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ṣe iṣẹ́ tí ìwé náà ń sọ, tó fẹnu ara rẹ̀ ròyìn ayé rẹ̀? Kò dá mi lóhùn. Ó mú kóòtù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, òun ló ń mú àwọn ọmọ mi lọ sí ilé ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló yẹ kó bẹ ẹnì kejì?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi. Irú ìwọ̀sí wo nìyẹn, nínú ilé ẹni? Òun ló yẹ kó wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Má pè é o.

Tíṣà Àgbà: O kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, o ò dárúkọ ìwé. Ìwé wo ni?

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ má bínú, sà. Memoirs of a Geisha ni. Ìtàn Sayuri, ọmọ apẹja tí wọ́n tà láti abúlé Yoroido lọ sí ilé àwọn geisha, àwọn obìnrin tí wọ́n kọ́ ní ijó àti orin láti máa dá àlejò lára yá, ní àdúgbò Gion, ní ìlú Kyoto, ní Jàpáànì. Chiyo ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn.

Àṣàkẹ́: Áà, ìwé yẹn! Mi ò lè gbàgbé ìyà tí Hatsumomo, geisha ilé náà, fi jẹ ọmọ náà. Ó fipá mú un débi pé ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ fi tàdáwà ba aṣọ kimono Mameha, geisha mìíràn, jẹ́, gbèsè rẹ̀ tún wá sórí Chiyo. Owó tí wọ́n fi rà á, gbèsè. Owó ẹ̀kọ́ ijó, gbèsè. Ó gun òrùlé kó lè sá, ó já bọ́, apá rẹ̀ ṣẹ́, owó dókítà tún di gbèsè. Ìwọ̀fà gbáà ni wọ́n fi ọmọ yẹn ṣe.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Kì í ṣe ìwọ̀fà, Àṣàkẹ́. Ẹ má fi ẹnu ba tiwa jẹ́. Iṣẹ́ ìwọ̀fà ni èlé orí owó. Owó tí wọ́n yá kì í wú. Ọjọ́ tí ẹbí bá san án, ìwọ̀fà bọ́, ó di ilé. Ti Chiyo ń ga sí i lójoojúmọ́, ẹni tó ń kọ gbèsè náà ló ń bọ́ ọ.

Àṣàkẹ́: Ti àgbàlagbà lẹ ń sọ. Ọmọdé ìwọ̀fà, ọ̀dọ̀ olówó ló ń gbé, tọ̀sán tòru. Wọ́n fi ìyá tó bí ìyá mi ṣe ìwọ̀fà nítorí owó ìsìnkú. Ìgbà tí wọ́n fi máa san owó náà tán, ìyá tó bí i ti kú. Títí tó fi darúgbó, kì í jẹun tán nínú abọ́. Ó máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ohun tí mo rántí nìyẹn nígbà tí mò ń ka ìwé náà, ẹ má sọ fún mi pé kò jọra.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ó sún mọ́ yín tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Èmi ò fẹ́ràn ìwé yẹn rárá. Ọkùnrin tó ti lé lógójì rí Chiyo, ọmọ ọdún méjìlá, tó ń sunkún létí odò, ó fún un lówó àti aṣọ ìnujú. Ó tún wá ní kí Mameha lọ tọ́ ọ dàgbà fún òun. Wọ́n wá ní ká máa pè é ní ìfẹ́. Ṣé ẹ lè gbà á fún ọmọ yín?

Déwálé: Ẹ wo fíìmù rẹ̀, ti ọdún 2005. Ó rẹwà púpọ̀. Àmọ́ àwọn ará Jàpáànì bínú pé ọmọ Ṣáínà, Zhang Ziyi, ni wọ́n fi ṣe Sayuri. Àwọn ará Ṣáínà náà bínú, ìjọba wọn ò jẹ́ kí wọ́n fi í hàn.

Tíṣà Àgbà: Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀. Àbẹ̀kẹ́, o ní ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ló fẹnu ara rẹ̀ ròyìn. Níbo lo ti rí i?

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Ó wà níwájú ìwé, sà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Jakob Haarhuis, ló kọ ọ́ pé Sayuri jókòó ti òun ní New York, ó ń sọ ọ́, wọ́n ń gbà á sílẹ̀.

Tíṣà Àgbà: Ọmọ mi, Haarhuis náà ò sí láyé. Inú àròsọ lòun náà wà. Arthur Golden, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ gbogbo rẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 1997. Ẹni tó wà lóòótọ́ ni Mineko Iwasaki, tó ṣe iṣẹ́ náà ní Gion, tó sì fi í sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 29. Òun ló jókòó ti Golden tó ṣàlàyé iṣẹ́ fún un. Ó ní àdéhùn àwọn ni pé kò ní dárúkọ òun. Nígbà tí ìwé jáde, orúkọ rẹ̀ ló wà níbi ìdúpẹ́. Ohun tó dùn ún jù ni ọ̀rọ̀ mizuage, bí Dókítà Alákàn ṣe fi owó gọbọi ra ìbálé Sayuri. Iwasaki ní kò sẹ́ni tó ta ìbálé òun, pé ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún òun ni ayẹyẹ bí ọmọge ṣe ń dàgbà nínú iṣẹ́, pé àwọn èèyàn wá ń halẹ̀ mọ́ òun nítorí ìwé náà. Ó pe Golden lẹ́jọ́ ní 2001, wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn ní 2003, láìjẹ́ kí adájọ́ dá a. Kó tó dìgbà yẹn, ó ti kọ ìwé ti ara rẹ̀ ní 2002. Òun ni kó o kà.

Àṣàkẹ́: Sà, àròsọ kì í ṣe irọ́. Fágúnwà náà ní Àkàrà-oògùn ló wá bá òun, tó ní kí òun mú gègé kí òun máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé ẹ máa pe Fágúnwà ní òpùrọ́ ni?

Tíṣà Àgbà: Kò sí ẹni tó máa ti inú igbó irúnmalẹ̀ jáde wá sọ pé èmi lẹ bà lórúkọ jẹ́. Àwọn obìnrin Gion wà láàyè, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ wọn títí dòní. Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè. Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ yìí?

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Mi ò mọ ohun tí ìyẹn kàn nínú ọ̀rọ̀ yìí, sà. Ojú gbogbo èèyàn ló ti já mi sílẹ̀, ohun tó dùn mí nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Dá Tíṣà lóhùn, jọ̀ọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Ọmọ Jàpáànì ni. Kyoto ni wọ́n ti bí i. Torí rẹ̀ gan-an ni mo fi yan ìwé náà! Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn pé a fẹ́ mọ̀ nípa ibi tó ti wá. Ó ti sọ fún mi rí pé ìyá bàbá òun máa ń ta shamisen, ohun èlò orin olókùn bíi gìtá, ní Gion nígbà èwe rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Kí lo sọ fún un kó tó pa ìwé dé?

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Mo bi í pé ṣé bí wọ́n ṣe ta ìyá àgbà rẹ̀ náà nìyẹn. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni mo fi bi í o. Àánú ló ṣe mí.

Ìyá Ìbejì: Háà. Àbẹ̀kẹ́. Mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ lókè jẹ.

Àṣàkẹ́: Lójú ẹni márùn-ún mìíràn? Lẹ́yìn tó ti bá ọ gbé ọmọ lọ ilé ìwé?

Ìyá Ìbejì: Níbi iṣẹ́ mi, obìnrin kan rí fọ́tò ìdána mi, ibi tí mo kúnlẹ̀. Ó bi mí níwájú àwọn yòókù pé èló ni ọkọ mi rà mí. Òun náà, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bi mí. Ọdún kẹfà nìyí, tí mo bá rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo máa ń yà sí ibòmíì. Bàbá mi dá owó orí náà padà fún wọn lọ́jọ́ yẹn, ó ní òun ò ta ọmọ. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Mi ò mọ̀ pé àròsọ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ká ní mo mọ̀, mi ò ní bi í bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín, ìwé náà ṣì dùn mọ́ mi. Ṣé kí n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i?

Tíṣà Àgbà: Má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Gbéra.

Àṣàkẹ́: Lọ lónìí. Má mú ìwé yẹn dání o, má sì ṣàlàyé Haarhuis fún un.

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Mo ti lọ, mo ti dé. Kò ní kí n wọlé lákọ̀ọ́kọ́. Ẹnu ọ̀nà la dúró sí, òjò ń ta sí mi lẹ́yìn. Mo bẹ̀ ẹ́, mi ò wí àwíjàre. Ó ní geiko ni wọ́n ń pè wọ́n ní Kyoto, pé ìyá àgbà òun kì í dáhùn tí ẹnikẹ́ni bá pè é ní geisha. Ó wọlé, ó mú fọ́tò kan jáde. Ẹ̀yìn ni obìnrin inú rẹ̀ kọ sí wa. Wọ́n kun ọrùn rẹ̀ ní ẹfun, àmọ́ wọ́n fi ibi tínínrín méjì sílẹ̀ láìkùn, ẹ ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Ní gbogbo ọdún mẹ́sàn-án yìí, o ò béèrè orúkọ rẹ̀ rí."

Mo béèrè. Ó sọ ọ́ fún mi. Ó ní kí n tún un pè, nítorí mi ò pè é re. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.