Ṣéènì ń já bọ́ lẹ́yìn tí mo yọ gíà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kẹ̀kẹ́, mo sọ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan di onígíà kan ṣoṣo àmọ́ ṣéènì ń dẹ̀ ó sì ń já bọ́, ojú ibi tí táyà ẹ̀yìn wọ̀ kọjú sísàlẹ̀ gan-an, kò ṣeé fà sẹ́yìn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ lo tensioner tó ní sípíríǹgì, ìyẹn irin kékeré tó máa ń fa ṣéènì kó má bàa dẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ fixed ni, ìyẹn èyí tí pẹ́dàlì máa ń yí ní gbogbo ìgbà tí táyà ẹ̀yìn bá ń yí, ẹ má dán an wò o, tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ dá a dúró, ìsàlẹ̀ ṣéènì ló máa le, á sì ba tensioner náà jẹ́.

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá eyín iwájú àti tẹ̀yìn tí ṣéènì ń kọ́ sí wà lórí ìlà kan náà, ibẹ̀ ni jíjábọ́ ti sábà máa ń wá.

Ìdáhùn: Half-link náà wà, ìyẹn ẹyọ ṣéènì kan tó jẹ́ ìdajì èyí tí wọ́n sábà máa ń yọ, á jẹ́ kẹ́ ẹ lè dín ṣéènì kù ní ìdajì ínǹṣì péré. Ẹ ṣáà má yọ bíréèkì.