Tábà ẹ̀yìnkùlé mi ń bu lórí okùn, Ìkòròdú la wà o, ẹ gbà mí

Alágbàdo_Ìgbógbó

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì bú mi, èmi kọ́ ni mò ń lò ó, màámi ni. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n, wọ́n ti ń fín aṣáà kí wọ́n tó bí mi, gbogbo ẹ̀bẹ̀ tá a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀ ò wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n wá ní èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí káun ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó ń ta àwọn nímú, àfi kí n bá àwọn gbin tàwọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní Ṣakí fi irúgbìn ránṣẹ́, wọ́n ká a sínú bébà bí ẹni di oògùn, nígbà tí mo tú u mo rò pé iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi tàn mí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ gbìn, mo gbẹ́ ilẹ̀ mo bò ó mọ́lẹ̀ bí àgbàdo, ẹyọ kan ò hù. Ẹlẹ́ẹ̀kejì inú bi mí, mo kàn dà á sójú ilẹ̀ nínú ike pẹ́ńtì kan tí mo bu iyẹ̀pẹ̀ sí, ló bá hù bí irun orí ọmọ tuntun. Mo lọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ata àti tòmátì loṣù kẹrin, bí 20, ó ga jù mí lọ, ó yọ òdòdó tó rẹwà gan-an. Nígbà tó di oṣù keje mo já gbogbo ewé ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo so ó sórí okùn ní kọ́rídọ̀ ẹ̀yìn tí búlọ́ọ̀kù yí ká. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo yọjú sí i funfun ti bò ó, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí ò gbẹ. Èyí tí mo sá sóòrùn gbẹ o, ṣùgbọ́n ṣe ló dúró ní àwọ̀ ewé bó ṣe wà, màámi fi ọwọ́ rún un, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n ní ṣé ewúrẹ́ ni mò ń sá koríko fún ni.

Báwo lẹ ṣe ń mú un gbẹ níbi ọ̀sà yìí? Ẹ̀ẹ̀kejì, ewé tòmátì mi ń ká kò, ara ẹ̀ wá rí tóótòòtó, ṣé tábà ló fà á? Ẹ̀ẹ̀kẹta, ṣé mo lè rẹ àwọn ewé tó bàjẹ́ yìí kí n fi omi ẹ̀ wọ́n ẹ̀fọ́ torí kòkòrò?

ỌmọÌsẹ́yìn_tó_wà_l'Ẹ́pẹ̀ẹ́

Ẹ̀gbọ́n ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi, inú tábà la dàgbà sí, iṣẹ́ ló gbé mi dé Ẹ̀pẹ́. Ilẹ̀ yín ò ṣe nǹkan kan, àsìkò ló kó bá yín. Oṣù keje ní Ìkòròdú, ṣòkòtò gan-an kì í gbẹ, ẹ wá ní kí ewé tó fẹ̀ tó àtẹ gbẹ nínú kọ́rídọ̀ tí afẹ́fẹ́ ò gbà kọjá!

Tó bá jẹ́ èmi, ìparí oṣù kẹjọ ni màá da irúgbìn sí ike, màá lọ́ ọ loṣù kẹwàá, ìyẹn ni pé láti bí ìparí oṣù kejìlá lẹ ó máa já ewé, ọyẹ́ á sì bá yín gbé e. Irúgbìn yẹn, gíráàmù kan ṣoṣo ju 10,000 hóró lọ, torí ẹ̀ ẹ pò ó mọ́ eérú kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn, ẹ má bò ó, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá kó tó hù, ìyẹn ló ṣe é tí ti àkọ́kọ́ fi kú sínú ilẹ̀. Kó má gbẹ kó má sì rì sómi, ọjọ́ 7 sí 14 ẹ ó rí i. Tó bá ga tó ìdajì rúlà ọmọ iléèwé, ẹ lọ́ ọ, ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 láàárín ara wọn.

Òdòdó tó rẹwà lójú yín yẹn, òun ló jẹ ewé yín. Tó bá ti fẹ́ yọrí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ, kí agbára ẹ̀ padà sínú ewé. Ẹ fi igi kan sílẹ̀ fún irúgbìn, ìyẹn á kárí gbogbo Ìgbógbó. Lẹ́yìn ìyẹn ó á máa yọ ọmọ lábíyá ewé, ẹ máa yọ ọ́ kúrò, ẹ má ṣàánú ẹ̀.

A kì í já gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà jàre. Ti ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbó, ẹ já 2 tàbí 3 tó bá ti ń pọ́n létí, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ẹ gòkè díẹ̀. Ọwọ́ yín á dúdú, á lẹ̀ bí ẹni fọwọ́ kan oje igi, bó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Gbígbẹ ẹ̀ wá ni iṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń gbìn fún kọ́ńpìnnì lọ́dọ̀ wa, inú ilé ni wọ́n ń fi ooru iná gbẹ́ ẹ, igi tí wọ́n ń jó sí i kì í ṣe kékeré, ìyẹn ò kàn yín. Tiyín, ibòji lẹ ó so ó kọ́ sí, abẹ́ páànù tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí sílẹ̀, ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé mọ́tò sí á dáa. Ewé ò gbọdọ̀ fara kan ewé, ibi tí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ra ló ti ń bu. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó yára gbẹ náà o, ṣe ló yẹ kó kọ́kọ́ pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó wá dúdú bí kọfí, oòrùn ti pa èyí tẹ́ ẹ sá kó tó ráyè pọ́n, ìdí nìyẹn tó fi ń rùn bíi koríko. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 ni. Ẹ má wo ojú ewé, igi àárín ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀: tó bá ṣì ń tẹ̀ bí okùn, omi wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá kó o pa mọ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ̀ á bu. Tó bá dún pá, ó ti tó. Ẹ má fọwọ́ kàn án lọ́sàn-án gangan, á rún mọ́ yín lọ́wọ́, àfi àárọ̀ kùtù tí afẹ́fẹ́ bá ti rọ̀ ọ́. Ẹ wá dì í pọ̀, ẹ fi nǹkan tẹ̀ ẹ́, bó ṣe ń pẹ́ ló ń dùn.

BàbáAláta_Ìmọ̀tà

Tòmátì yẹn ti kó àrùn. Ara ewé tó rí bí àdìrẹ tí aró ò mú dọ́gba yẹn, àrùn tábà ni, ata, tòmátì àti tábà mọ̀lẹ́bí kan náà ni wọ́n. Kì í ṣe kòkòrò ló ń gbé e kiri o, ọwọ́ yín ni, àti ọ̀bẹ. Ẹ já tábà tán, ẹ lọ fọwọ́ kan tòmátì, ó parí. Ewé gbígbẹ pàápàá ń gbé e, ẹni tó ń mu sìgá lè fi ọwọ́ kó o wọ oko. Kò sóògùn ẹ̀, ẹ fà á tu kẹ́ ẹ jó o, ẹ máa fi ọṣẹ fọwọ́, kẹ́ ẹ sì gbin tábà síbòmíràn. Omi ewé tó bàjẹ́ yẹn náà ńkọ́, tẹ́ ẹ bá wọ́n ọn sí tòmátì ẹ tún gbé àrùn lọ fún un nìyẹn.

Àgùdà_Àgbádárìgì

Ẹ ń sá fún kí tábà má bu kiri. Láyé òwò ẹrú, tábà tí wọ́n ń kó láti Bahia ní Brazil wá sí etíkun wa níbí, ṣe ni wọ́n ń fi omi ṣúgà ìrèké pa á lára kí wọ́n tó lọ́ ọ bí okùn ńlá. Ẹní bá ti tọ́ ọ wò kì í fẹ́ òmíràn mọ́. Àwọn èèyàn wa ni wọ́n sì fi ń pààrọ̀ ẹ̀, tí mo bá ti rántí ìyẹn tábà kì í wù mí í gbìn.

Nọ́ọ̀sì_Bọ̀sẹ̀_Bdg

Àgùdà ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó ń dun èèyàn. Alágbàdo, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ṣé ọmọ kékeré wà nílé yẹn? Kẹ́ ẹ tó dáhùn ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ẹ má já ewé yẹn nígbà tí ìrì wà lára ẹ̀ tàbí tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Oró inú ẹ̀, nicotine, omi ara ewé ló ń gbé e gba awọ ara wọlé, òòyì á kọ́ èèyàn, èébì á tẹ̀ lé e, wọ́n á ní ibà ni. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀wù alápá gígùn. Omi tábà ń pa kòkòrò lóòótọ́, ohun tó ń pa kòkòrò náà ló lè pa èèyàn, ẹ má wọ́n ọn sí ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ máa jẹ.

Èyí tó ká mi lára jù nìyí. Tí gìrì bá mú ọmọ, àwọn ìyá wa kan ṣì wà tó jẹ́ pé ewé tábà tí wọ́n rẹ sínú ìtọ̀ màlúù ni wọ́n máa ń sáré rọ sí i lẹ́nu. Mo ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Gìrì yẹn ti lọ, àmọ́ ọmọ ò jí, ṣúgà ara ẹ̀ ti já wálẹ̀, ó ń mí bí ẹni tí mímí sú. Tẹ́ ẹ bá so ewé yẹn kọ́, ibi gíga ni kẹ́ ẹ so ó sí, kẹ́ ẹ sì bá Màmá sọ ọ́.

Alágbàdo_Ìgbógbó

Hàà. Ọmọ wà o, ọmọ ọdún méjì. Mo ka ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì sókè fún màámi, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní àwọn fún mi mu nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Ọlọ́run ló yọ mí. Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi.

Mo ti fa tòmátì tu. Mo tún lọ tẹ igi àárín àwọn ewé tó kù wò, ó ń tẹ̀ bí okùn báyìí báyìí, mo kó gbogbo ẹ̀ dà nù. Ọmọ Ìsẹ́yìn, irúgbìn ṣì kù nínú bébà yẹn, ìparí oṣù kẹjọ màá padà wá yọ yín lẹ́nu. Màámi ní kí n bi yín bóyá ẹ ní èyí tó ti gbẹ ńlé, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ káwọn fi dúró.