A fẹ́ dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo Elixir sílẹ̀ l'Àbújá: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Kọ́lá_Lugbe
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Àbújá. Àwa tí mo mọ̀ pé à ń fi Elixir, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣiṣẹ́ níbí ò ju 5 lọ, a sì fọ́n káàkiri: Kubwa, Lugbe, Nyanya. A fẹ́ máa pàdé lóṣooṣù, ká tún pe àwọn tó jẹ́ Python tàbí JavaScript nìkan ni wọ́n gbọ́. Owó gbọ̀ngàn ò sí o.

Ìyá Ìbejì
Kọ́lá, ẹ̀yin 5 yẹn ti tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ má yí i: bíi Sátidé kejì oṣù, aago 10 àárọ̀ sí aago 1, kí ẹni tó ní òde ọ̀sán lè ráyè lọ. Ní ti ibi ìpàdé, ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo ẹwà ilé. Ará Kubwa, ará Nyanya, ará Lugbe, gbogbo wọn ló ń rí ọkọ̀ dé Berger, torí náà Utako tàbí Wuse ni. Bẹ́ ẹ bá gbé e lọ Gwarinpa, ará Nyanya á wá lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Kẹ́ ẹ sì tó gba yàrá ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ bi í: ta ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀ ní Sátidé? Ihò iná mélòó ló wà lára ògiri?

Àlàdé_BEAM
Ìyá Ìbejì ti sọ tibi ìpàdé. Ohun tó máa ń ba ìpàdé àkọ́kọ́ jẹ́ ni dáńlóòdù. Lórí Windows, Erlang, èdè tí wọ́n kọ́ Elixir lé lórí, ló ń ṣáájú Elixir, Elixir tẹ́ ẹ bá sì mú gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà OTP (ìyẹn ẹ̀dà Erlang) tó wà nílẹ̀ mu. Erlang nìkan lé ní 100MB. Bí èèyàn 10 bá jọ ń fà á látorí hotspot kan, aago 1 á lù kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kan. Ẹ ti gbé méjèèjì sórí flash bíi 3 sílẹ̀.

Ẹ má lo package kankan (kóòdù tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀) lọ́jọ́ náà. Kọ̀ǹpútà tí Hex, irinṣẹ́ tó ń bá Elixir wá package, ò bá tíì sí lórí ẹ̀, `mix deps.get` á ní òun fẹ́ lọ gbé e wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ló máa dúró sí. `iex`, ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ kóòdù Elixir tó sì ń dáhùn lójú ẹsẹ̀, nìkan ti tó:

`for _ <- 1..100_000, do: spawn(fn -> Process.sleep(60_000) end)`

Ìyẹn á dá process 100,000 sílẹ̀, iṣẹ́ kéékèèké tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n wá fi `length(Process.list())` kà wọ́n. Ẹni tó bá mọ thread, ohun tó jọ ọ́ nínú àwọn èdè míì àmọ́ tó wúwo jù ú lọ, á fẹ́ mọ bí 100,000 ṣe gba inú láptọ́ọ̀pù kékeré. Nǹkan bíi 3KB péré ni process kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀kan sábẹ́ Supervisor, process tó ń ṣọ́ àwọn yòókù, kẹ́ ẹ fi `Process.exit(pid, :kill)` pa á, òmíràn á dìde. Ẹ má pa á ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5 o! Òdiwọ̀n tí wọ́n dá mọ́ Supervisor nìyẹn; tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, òun náà á kú, á sì fa shell yín (ojú `iex` yẹn) lọ́wọ́ lọ.

Ràlíátù_Kàdúná
Èmi ò fara mọ́ kẹ́ ẹ fi orúkọ Elixir pe ẹgbẹ́ náà. Ẹ fi BEAM, ẹ̀rọ tó ń mú kóòdù Elixir ṣiṣẹ́, pè é, kí àwọn tó ń kọ Erlang àti Gleam (èdè míì) náà lè wá; orí ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá sì ń pe èèyàn, ẹ ní Erlang ló wà nídìí WhatsApp, àlàyé ò ní gùn.

Kọ́lá_Lugbe
Ẹ ṣé gan-an. Ẹni tó ń lo Mac ńkọ́?

Àlàdé_BEAM
`brew install elixir`. Òun fúnra ẹ̀ ló máa fa Erlang mọ́ra. Àmọ́ kó ti ṣe é láti ilé.