Ẹsẹ̀ ọmọ mi ṣáájú rẹ̀ dàgbà, ẹ wá sọ tiyín

Màmá Akin, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti lé lọ́dún méjì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí.

Ọmọ ọdún 12 ni Akin nígbà náà. Nígbà tí wọ́n wọlé ní oṣù kẹsàn-án, mo ra sáńdàlì dúdú nọ́ńbà 38 fún un ní Alẹ́ṣinlóyè. Kí Àjíǹde tó dé, ó ti tẹ ẹ̀yìn bàtà náà mọ́lẹ̀, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ bíi sílípáàsì. Mo bá a wí títí. Mo ní kò mọ iyì owó. Mo tiẹ̀ nà án lọ́jọ́ kan. Kò fèsì. Ọmọ tí kì í ráhùn ni, ó mọ bí nǹkan ṣe rí nílé.

Ọjọ́ Sátidé kan ló ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo wá rí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Èékánná ti dúdú, ó ti wọnú ẹran, ìka tó kéré jù sì ti ká sábẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Mo fọwọ́ kàn án, ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Mo wọlé, mo sunkún.

Bí ìyá mi ṣe ń ra bàtà fún wa lèmi náà ṣe ń rà á: mo ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀, mo fi wọn àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kùtù nígbà tó ṣì ń sùn, mo jù ú sínú pọ́ọ̀sì, mo gba ọjà lọ. Ẹyọ ìgbálẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Mo ní kí Akin dìde dúró, mo ṣẹ́ òmíràn, mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyàtọ̀ wọn tó oríkèé ìka mi kan.

Ẹ̀rù wá bà mí. Ẹsẹ̀ ti di 41, gíga kò kúrò níbi tó wà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní ẹlẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Mo rò pé àìsàn ni. Ní báyìí ó ti pé 14, ojú òkè ni mo ń wò kí n tó bá a sọ̀rọ̀. Bàtà rẹ̀ jẹ́ 42, kò sì kúrò níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Ta ló tún rí irú èyí?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Màmá Akin, ẹ pẹ̀lẹ́. Àwọn ìyá tó gbé irú ẹ̀rù yẹn wá bá mi kò lóǹkà. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti ọmọbìnrin ọdún 10 kan. Bàtà ìyá rẹ̀ ló wọ̀ wá, ó sì bá a mu rẹ́gí, bẹ́ẹ̀ orí ọmọ kò ga ju àyà ìyá lọ. Ìyá ní, "Nọ́ọ̀sì, kí ló ń wú u lẹ́sẹ̀?" Mo fi ìka tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà lókè, kò jìn. Kò wú rárá, egungun ló ń gùn.

Bí ọmọ bá ń lọ sí ìbàlágà, egungun tó wà ní ìpẹ̀kun ara ló kọ́kọ́ ń sáré, ìyẹn ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Ojúgun àti itan á tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn á wá kẹ́yìn. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ bá sáré jù, ó máa ń tó nǹkan bí ọdún kan tàbí kó lé díẹ̀ kí gíga tó sáré tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ti dúró bí wọ́n bá fi máa pé 13 tàbí 14, ti ọkùnrin ní 15 tàbí 16. Láti ọmọ ọwọ́ ló ti ń ṣáájú bẹ́ẹ̀: ọmọbìnrin tó pé ọdún kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn tó ìdajì ti ìgbà tó bá dàgbà tán. Gíga rẹ̀ kò ní tó ìdajì títí á fi sún mọ́ ọdún méjì.

Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń tóbi, tàbí ọmọ ń tiro, tàbí ẹsẹ̀ ń jìn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù o.

Aránbàtà Mushin

Màmá, ìgbálẹ̀ kò ṣẹ̀, oorun ló ṣẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wà lórí ẹní kì í gùn tó ẹsẹ̀ tó gbé ara dúró. Ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń fẹ̀ jù, kì í ṣe àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró lórí pépà, kí ẹ fi bírò yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká, kí ẹ mú èyí tó gùn jù, torí wọn kì í sábà dọ́gba. Kí ẹ wá fi ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ kan sílẹ̀ níwájú. Láti 38 sí 39, kò pé mílímítà 7. Oríkèé ìka kan yẹn, nọ́ńbà mẹ́ta gbáko ni.

Wọ́n gbé bàtà ọmọ kan wá fún mi rí pé kí n rán an. Ìgbà tí mo tú u, ìwé ìròyìn ni mo bá níwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rà á tó tóbi jù ni wọ́n ti fi ìwé náà dí iwájú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ti dàgbà débẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí yọ ọ́. Ìwé náà ti le bí igi. Ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń wò mí.

Ìyá Agbábọ́ọ̀lù

Ọmọ mi ọdún 11 bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ìka rìn lẹ́yìn eré, ó ní gìgísẹ̀ ń dun òun. Dókítà ní ibi tí egungun gìgísẹ̀ ti ń dàgbà ni iṣan ń fà. Ó sinmi bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìrora náà lọ.

Ìgè

Ìgè ni mí, ẹsẹ̀ ni mo fi wáyé, ẹsẹ̀ náà ló tún ṣáájú mi dàgbà. Ní ọmọ ọdún 13, mo ń wọ 43. Bàbá mi fi mí yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé màá ga bí òpó iná. Mo ga dé ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 7, mo dúró. Bàbá mi kò ga, ìyá mi kò ga, ibo ni n bá ti mú un wá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹsẹ̀ ọmọ ṣe ìlérí fún un. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé mi ò já bàbá mi kulẹ̀.

Màmá Akin, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ti ìwé ìròyìn yẹn fún bàbá wọn, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Mo tún bẹ Akin lálẹ́ àná. Ó ní, "Màmi, ó ti tán."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin pé ọdún 10 lóṣù tó kọjá. Láàárọ̀ yìí, bó ṣe ń jáde lọ sílé ìwé, mo rí i tó tẹ ẹ̀yìn sáńdàlì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní kó bọ́ ọ sílẹ̀, kó wọ sílípáàsì lọ, màá bá tíṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ti gbé pépà àti bírò sórí tábìlì de ìrọ̀lẹ́.