Báwo lẹ ṣe ń la ìgbà òtútù tó gùn yìí já?

Àlejò Tuntun:
Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo máa lò lókè òkun níbí nìyí. Ká sọ òótọ́, òtútù gan-an ti ń mọ́ mi lára. Ara mi ni kò yé mi mọ́. Mo lè sùn wákàtí mẹ́wàá kí n jí, kó ṣì máa rẹ̀ mí. Oúnjẹ gidi ò wù mí, àfi ohun dídùn ṣáá. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́rin, inú mi á kàn bàjẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ gbé fóònù ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣé èmi nìkan ló ń ṣe ni? Kí lẹ̀yin ń ṣe sí i?

Ìyá Ìbejì:
Ìwọ nìkan kọ́, àbúrò mi. Ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa, a kì í kàn sọ ni. Wá jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn, má dá wà, ó máa kọjá lọ.

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì:
Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì ò lè ṣe nǹkan kan sí èyí. Ohun tí mo máa ń bá àwọn èèyàn wa jà lé lórí nìyẹn: gbogbo owó la ó fi ra aṣọ, ìmọ́lẹ̀ tí ara ń wá gan-an, a ò ní bìkítà fún un.

Àbúrò, ohun tí o kà sílẹ̀ yìí lórúkọ. Oorun àsùnjù, àárẹ̀, kí ohun dídùn máa wuni jẹ, kéèyàn máa sá fún ẹlòmíì, kí gbogbo rẹ̀ dé nígbà tí ọjọ́ bá kúrú, kó sì lọ nígbà tí ọjọ́ bá gùn. Lọ́dún 1984 ni Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí wọn jáde, tí wọ́n pè é ní seasonal affective disorder. Ọmọ South Africa ni dókítà yìí. Ìgbà tó kó dé New York, tí òtútù ibẹ̀ bá a, ló rí i pé agbára òun ń lọ sílẹ̀, tó sì ń padà nígbà tí oòrùn bá dé. Nítorí náà, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ọ pé ọ̀lẹ ni ọ́, tàbí pé ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré.

Ojú la fi ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ń tún aago ara ṣe. Tí àárọ̀ bá ṣókùnkùn, aago yẹn á máa rìn lẹ́yìn, ara á ṣì máa ṣe bíi pé òru ni nígbà tí o ti wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Iná inú ilé tí a rò pé ó mọ́lẹ̀ yẹn, lux 100 sí 500 ló sábà máa ń jẹ́ (lux ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ tó bà síbì kan ṣe pọ̀ tó). Bọ́ síta lọ́sàn-án, kódà kí ìkùukùu bo gbogbo ojú ọ̀run, ó máa ń ju 1,000 lọ fíìfíì. Ojú ló ń tàn wá jẹ, torí ó tètè máa ń bá ibi tó bá wà mu.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ni pé bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, jáde. Mi ò ní kó o yọjú lójú fèrèsé o. Wọṣọ, kó o rìn fún bí ìdajì wákàtí. Tó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ni ilẹ̀ ti máa ń mọ́ bá ọ, lo àkókò ìsinmi ọ̀sán. Bí ìyẹn ò bá tó, iná kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún un, tó ń tan lux 10,000, tó sì ń sẹ́ ìtànṣán UV kúrò, ìyẹn ìtànṣán tó lè ba ojú àti awọ jẹ́. Gbé e sórí tábìlì, kí àlàfo tó wà láàárín yín jẹ́ iye tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, kó o máa jẹun tàbí kó o máa kàwé fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Ojú rẹ gbọ́dọ̀ là, ṣùgbọ́n má tẹjú mọ́ ọn. Àárọ̀ ni o. Tó o bá tan án lálẹ́, oorun á fò lọ. Tó o bá ní àìsàn ojú, tàbí bipolar, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tí inú èèyàn á fi máa ru sókè sódì nígbà kan, tí á sì bàjẹ́ gidi nígbà míì, dókítà ni kó o kọ́kọ́ bi, torí ìmọ́lẹ̀ yìí lè mú kí inú ẹni tó ní bipolar ru sókè sódì.

Bàbá Awakọ̀:
Nọ́ọ̀sì wa, o kú làákàyè. Èmi tí mò ń wakọ̀ lóru ńkọ́? Ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó jáde, ìgbà tí oòrùn bá ń yọ ni mò ń wọlé sùn.

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì:
Bàbá, ìgbà tí ẹ bá jí ni àárọ̀ tiyín. Ẹ lo iná yẹn kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ ta kọ́tìnì tó nípọn, kí yàrá ṣókùnkùn biribiri. Ṣùgbọ́n iná yẹn ò ní fún yín ní fítámìn D o, wọn ò bá ara wọn tan.

Awọ ara ló ń ṣe fítámìn D nígbà tí UVB, ìyẹn oríṣi ìtànṣán UV kan tó ń wá láti ara oòrùn, bá bà á. Nígbà òtútù, níbi tó jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì (equator), oòrùn kì í gòkè tó, UVB tó ń dé ilẹ̀ ò tó nǹkan. Awọ dúdú sì tún máa ń dí díẹ̀ tó bá dé lọ́wọ́, nítorí melanin, ìyẹn èròjà tó ń mú kí awọ dúdú. Ìdí nìyí tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ní kí àwọn èèyàn ronú àtimáa lo 10 microgram, ìyẹn 400 IU (ìwọ̀n míì tí wọ́n máa ń kọ sára ìgò), lójoojúmọ́ nígbà òtútù, kí aláwọ̀ dúdú sì ronú àtimáa lò ó yípo ọdún. Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó gbé e mì. Àgbàlagbà ò gbọdọ̀ kọjá 100 microgram, ìyẹn 4,000 IU, lóòjọ́, àfi tí dókítà bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Fítámìn yìí kì í bá ìtọ̀ lọ bíi fítámìn C. Ara ló ń kó o pamọ́, tó bá sì pọ̀ jù, calcium á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ni yóò jìyà rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń lo oògùn oríṣi mẹ́ta, tí D wà nínú gbogbo wọn, tí kò sì mọ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jẹ́ kí n padà sórí aṣọ tèmi, torí ẹ ti fi jákẹ́ẹ̀tì mi ṣe yẹ̀yẹ́. Aṣọ mẹ́ta tó fẹ́lẹ́ tí a wọ̀ léra sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Èyí tó kan ara, kó má ṣe jẹ́ ti òwú, torí tí òwú bá ti mu òógùn, kì í gbẹ bọ̀rọ̀, omi yẹn ni yóò wá máa mú yín tutù. Irun àgùntàn tàbí polyester ló dáa. Èyí tó tẹ̀ lé e, ohun tó wú tó lè di ooru mú, ti òkè pátápátá, ohun tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà kọjá. Kí bàtà má há. Ẹni tó ki ìbọ̀sẹ̀ méjì sínú bàtà tó há, ẹ̀jẹ̀ ò ní rìn dé ọmọ ìka rẹ̀, ẹsẹ̀ á tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ kékeré, ẹ má fi jákẹ́ẹ̀tì tó wú de ọmọ mọ́ ìjókòó ọkọ̀. Tẹ́ ò bá gbà mí gbọ́, ẹ dì í pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀, ẹ tú u láìyí bẹ́líìtì padà, ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì yẹn, kẹ́ ẹ wá tún un dì. Ẹ ó rí àlàfo tó máa wà láàárín àyà ọmọ àti bẹ́líìtì. Tí ọkọ̀ bá kọ lu nǹkan, àlàfo yẹn lọmọ máa gbà yọ. Aṣọ fẹ́lẹ́ ni kó wọ̀, ẹ dì í dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lókè bẹ́líìtì.

Awọ ara, ẹ ò béèrè. Híítà ló ń gbẹ afẹ́fẹ́ inú ilé, omi gbígbóná tí gbogbo wa fẹ́ràn sì ń fọ òróró ara dànù. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fi wẹ̀, kó má pẹ́. Ẹ má nura gbẹ tán. Ẹ kàn fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ̀ ẹ́, nígbà tó ṣì tutù díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ìpara tó ki pa á, kó lè há omi yẹn mọ́bẹ̀.

Bàbá Awakọ̀:
Ti ojú títì ni tèmi. Èyí tó ń ṣeni léṣe jù ni yìnyín tí ojú ò rí, tó fẹ́lẹ́ lórí ọ̀dà. Ẹ máa rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ: ìṣísẹ̀ kékeré, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yọ ọwọ́ lápò, torí òun lẹ máa fi gbára dúró tẹ́ ẹ bá yọ̀.

Ẹ sì wá bẹ̀rù carbon monoxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóró tó máa ń wà nínú èéfín. Kò lóòórùn, kò láwọ̀. Tí yìnyín bá bo ibi tí èéfín ọkọ̀ ń gbà jáde, ẹ wà á kúrò kẹ́ ẹ tó ṣíná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ọkọ̀ ni èéfín yẹn máa gbà wọlé. Ẹ má gbé iná èédú tàbí jẹnẹrétọ̀ wọlé torí pé owó iná ti wọ́n. Tí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé, tó sì ń fúyẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá bọ́ síta, ẹ má wá oògùn orí fífọ́, ẹ kó gbogbo èèyàn jáde, kẹ́ ẹ pe panápaná. Àláàmù rẹ̀ wà lọ́jà, kò tóbi rárá, ẹ rà á. Ọtí pẹ̀lú, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé ó ń mú ara gbóná. Ó ń gbé ooru inú ara wá sí awọ ni, ibẹ̀ ló sì ti ń lọ.

Àlejò Tuntun:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mo jáde láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ míì wà tí mi ò ní lè dìde rárá. Kí ni mo máa ṣe sí ìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì:
Má dúró di ìgbà tó bá wù ọ́, torí kò ní wù ọ́. Ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde, inú á wá tẹ̀ lé e. Bá ẹnì kan ṣàdéhùn pé ẹ jọ máa rìn ní aago kan pàtó. Ó rọrùn láti já ara ẹni kulẹ̀, àmọ́ ojú á tì ọ́ láti jẹ́ kí ẹlòmíì dúró sínú òtútù dè ọ́. Má sì yí àkókò tí o ń jí padà torí pé òpin ọ̀sẹ̀ dé.

Olùṣèwádìí kan, Kelly Rohan, ní Yunifásítì Vermont ní Amẹ́ríkà, fi ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tí wọ́n ń pè ní CBT wé iná yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, méjèèjì ṣiṣẹ́ dọ́gba. Ìgbà tí òtútù kejì dé, àìsàn náà padà sára àwọn oníná ju àwọn tó gba CBT lọ. Tí ọ̀nà bá ṣí fún ọ láti rí ẹni tó ń ṣe é, má kọ̀ ọ́.

Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ohunkóhun ò dùn mọ́ ọ, lọ rí dókítà, oògùn wà. Tó bá sì di pé ó ń ṣe ọ́ bíi kó o kú, má dúró di ọ̀la. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni kó o pè lójú ẹsẹ̀, kó o sì pe èyíkéyìí nínú wa, òru ìbáà jẹ́.

Àlejò Tuntun:
Mo gbọ́, mà. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ iná yẹn?

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì:
Kí ó tó dé sí ọ lára. Oṣù Kẹsàn-án tàbí Ìkẹwàá. Ọjọ́ máa ń kúrú jù ní ọjọ́ 21 tàbí 22 Oṣù Kejìlá. Lẹ́yìn ìyẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ṣùgbọ́n ara kì í tètè mọ̀ ọ́n. Má tìtorí pé o rí oòrùn díẹ̀ ní Oṣù Kìíní kó o gbé iná pamọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹnì kan láti Melbourne ní Ọsirélíà ń ka èyí o. Tiẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì:
Tiẹ̀ yí padà, torí ìhà gúúsù ayé ló wà. Oṣù Kẹfà lọjọ́ wọn máa ń kúrú jù, kó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin.