Báwo ni mo ṣe lè kọ́ wọn ní òfin àgbáyé tí á yé wọn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ òfin ni mí ní yunifásítì kan n'Ìbàdàn níbí. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti gbé òfin àgbáyé lé mi lọ́wọ́. Mo ń ka nóòtì, àwọn ọmọ ń kọ ọ́. Ìdánwò dé, wọ́n dà á padà fún mi bó ṣe wà. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọbìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn: "Mà, bí kóòtù ECOWAS tó wà l'Àbújá bá dá Nàìjíríà lẹ́bi, ta ló máa wá mú un?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn inú ìwé ni, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń kọ́ ọ?

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, Bódìjà: Àbúrò mi, inú ìbéèrè ọmọ yẹn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Mú ẹjọ́ Bakassi, ilẹ̀ etí òkun tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù jọ ń jà sí. Ní 10 oṣù kẹwàá 2002, Kóòtù Àgbáyé ní Hague gbé ilẹ̀ náà fún Kamẹrúùnù. Ọlọ́pàá kankan ò bá ìdájọ́ náà wá, síbẹ̀ ní 2006 àwọn sójà wa kó kúrò níbẹ̀. Ní kí wọ́n wá ìdí rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo máa ń pín kíláàsì mi sí: Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, àwọn adájọ́, àti àwọn apẹja tó ń gbé Bakassi. Ìjọba nìkan ló lè pe ìjọba lẹ́jọ́ ní Hague, nítorí náà àwọn apẹja á jókòó, wọn ò ní sọ̀rọ̀ títí ẹjọ́ á fi parí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń fún ẹnu pọ̀! Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ohun tí Bọ́lá Ajíbọ́là kọ pẹ̀lú, adájọ́ tí Nàìjíríà yàn, tí kò fara mọ́ ìdájọ́ náà.

Ìyá Ìbejì: Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tú àwọn apẹja sílẹ̀ lọ sí kóòtù ECOWAS. Láti 2005, ará ìlú lè pe ìjọba lẹ́jọ́ níbẹ̀, kò di dandan kó kọ́kọ́ lọ sí kóòtù ilé. Hadijatou Mani, tí wọ́n tà lẹ́rú ní Nìjẹ̀r nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 12, jàre ìjọba ibẹ̀ ní 2008.

Akin, Sángo: Ọmọ 200 ló wà ní kíláàsì tèmi, iná ò sì sí. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, Bódìjà: Ó ṣeé ṣe. Pín wọn ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kó o sì fi máàkì sí i. Láìsí máàkì, wọn ò ní kàwé.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Bakassi ni t'Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n, abala 12 ìwé òfin wa ńkọ́, tó ní àdéhùn tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe ò di òfin nílé àfi bí ilé aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin? Ṣé kí n kọ́ wọn ṣáájú ni?

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, Bódìjà: Lẹ́yìn rẹ̀ ni. Àwọn fúnra wọn ló máa bi ọ́.